Ọjọ́ Tí Gbogbo Ilé Wa Fi Oògùn Kúrúnà Para

Ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ilé wa ní Bàrígà fi oògùn kúrúnà para kò lè kúrò lọ́kàn mi. Àbúrò mi nìkan ló ń lò ó tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò san. Nọ́ọ̀sì wá ní kí gbogbo àwa tá a jọ ń sùn lórí ẹní lò ó pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá àgbà, tó ń yan ẹja tà, yarí. "Ara tèmi mọ́! Ta ló fẹ́ ra ẹja oníkúrúnà?"

Àbúrò mi họra títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Màmá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin lẹ ń gbé e sùn."

Ìyá àgbà tilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ bùbá, wọ́n kẹ̀yìn sí Màmá.

"Ẹ̀yìn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń yún mi, ọwọ́ mi kì í débẹ̀."