Ọjọ́ Tí Mo Fi Dádì Mi Hàn Wọ́n Nínú Fíìmù

Kò sẹ́ni tó mọ fíìmù òyìnbó túmọ̀ sí Yorùbá bí èmi ní gbogbo Ọ̀fà yìí, láti ẹ̀gbẹ́ rélùwéè títí dé ojú ọ̀nà Ìjàgbò. Bí o bá rí ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mú un wá, kí wọ́n fún àwa méjèèjì ní máìkì. SS2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Kí òyìnbó tó la ẹnu tán, mo ti sọ ọ́ tán. Èyí tí mo bá gbọ́, mo túmọ̀ ẹ̀. Èyí tí mi ò gbọ́, mo túmọ̀ ẹ̀ dáadáa ju èyí tí mo gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí òórùn petiróòlù bá ṣáà ti pàdé òórùn ẹ̀pà yíyan níbì kan, gbogbo ìyangàn yẹn á fò lọ. Bí ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù nígbà náà ṣe máa ń rùn nìyẹn: petiróòlù láti ìdí jẹnẹrétọ̀ Alhaji tó ni ibẹ̀, ẹ̀pà láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀ tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà, àti eruku ara àpò ìrẹsì tí wọ́n fi dí fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń fi máìkì túmọ̀ fíìmù títí mo fi di gbajúmọ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti fi Dádì mi han gbogbo àdúgbò.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí Dádì lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Dádì, ló tọ́ mi. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Dádì ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kì í pè wá kí á rójú ẹ̀, ó ní fóònù òun ò gbé e. Ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, Ìyá àgbà á ní kí n tún un gbé sí i, kí n tún un gbé sí i, títí bátìrì á fi kú. Ọgbà ìṣeré ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí àwọn òyìnbó máa ń kó ọmọ wọn lọ. Rélùwéè kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé èèyàn sáré gba inú òkè kọjá, á máa jù wọ́n sókè sódò, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, wọ́n á sì tún lọ tò sórí ìlà pé àwọn fẹ́ gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Dádì ló ń tẹ irin tó ń mú un gbéra. Ó wá ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́: "Sọ fún Màámi pé rélùwéè mi ti di fíìmù o! Fíìmù tọmọdé tàgbà ni wọ́n fi ṣe."

Ohun tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ lójú Ìyá àgbà, bí rélùwéè bá wà nínú fíìmù, ẹni tó ń tẹ irin ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣé èèyàn lè ya fọ́tò ilé kó má mú ilẹ̀kùn ni? Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, kí ni mo mọ̀? Ojú Ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, èyí tó wà lápá òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọkọ mi, bá mi wá fíìmù yẹn. Kí ojú yìí tó pa dé, jẹ́ kí n fi rí ọmọ mi." Láti ọjọ́ tó ti ń tọ́ mi, ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó ń da fíìmù sórí fláàṣì nítòsí Pólì ni mo ti rí i. Ó yẹ kí n gbé e wálé, kí àwa méjì jọ wò ó, kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ mí. Mo lọ bá Alhaji, mo ní, "Alhaji, ẹ fún mi ní ọ̀sán Sọ́ńdè, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Dádì mi wà nínú fíìmù Amẹ́ríkà." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Dádì ẹ? Èyí tó ń tún rédíò ṣe níwájú rélùwéè níbí?" Mo ní, "Òun náà ni, sà. Ó ti di ńlá." Mo kéde ẹ̀ ká àdúgbò bí ẹni tó ń wá ìbò. Nígbà tó máa fi di Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tí ò gbọ́. Tìdílé-tìdílé ni wọ́n wá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn àwọn ìyá, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tẹ́ ara wọn sílẹ̀ níwájú. Mọ́mì Tíṣà wá, ẹni tó kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó sì bá mi jà títí nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Bàbá Rélùwéè náà wá, bàbá arúgbó tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ju àsíá fún rélùwéè ní ibùdókọ̀ wa. Àga oníke kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni mo gbé fún Ìyá àgbà, mo gbé e sún mọ́ tẹlifíṣàn dáadáa nítorí ojú ẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni rélùwéè yẹn, tó já wá láti orí òkè, tó kọjú sí wa tààrà. Àwọn ọmọdé dojú bolẹ̀, ìyá kan pariwo "Jésù!", ẹ̀pà fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Alhaji ń ké láti ẹnu ọ̀nà, "Ẹ má fọ́ bẹ́ǹṣì mi o!" Bàbá Rélùwéè dìde fùú, ó na ọ̀pá ẹ̀ sí tẹlifíṣàn. "Iná pupa ló kọjá yẹn! Ta ló fún un lọ́nà? Ta ló gbé àsíá?" Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jókòó, fíìmù ni." Ó ní, "Fíìmù kẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn nìyẹn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Fíìmù yẹn dùn, mi ò lè tàn ẹ́. Ìdílé kan ni, bàbá, ìyá, àti ọmọ méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n wá gba ọgbà ìṣeré lọ kí wọ́n lè di ọ̀rẹ́ padà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mi ò wo ìdílé yẹn. Bí adúláwọ̀ kan bá ti kọjá, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ta omi, wọ́n á ké, "Òun nìyẹn?" Mo ní rárá. "Èyí ńkọ́?" Mo ní ẹ fara balẹ̀. Òógùn ti ń ṣàn ní ẹ̀yìn mi nítorí èmi alára ò rí i. Ìyá àgbà kàn na ọrùn síwájú.

Ìdílé yẹn wá dé ìdí rélùwéè. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó dé fìlà pupa, tó kẹ̀yìn sí wa, tó gbé ọwọ́ lé irin. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo fi máìkì ké e: "Ẹ wò ó! Òun nìyẹn! Dádì mi nìyẹn!" Ariwo ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fò sókè. Ìyá àgbà dìde lórí àga, ó rìn lọ bá tẹlifíṣàn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn, ó ní, "Àkànní. Àkànní ọmọ mi." Ó dí wa lójú, kò sì sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Ọkùnrin yẹn bá yíjú. Òyìnbó ni, irùngbọ̀n ẹ̀ pupa bí epo.

Mo ti fi rìmóòtù dá a dúró kí n tó mọ̀, nítorí bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, ó lanu sí wa. Mẹ́káníìkì kan láti ẹ̀yìn wá sọ ọ́: "Ọ̀gá, Dádì ẹ ti bóra ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alhaji ń mi orí, ó ní, "Irọ́ lọmọ yìí fi gba ọ̀sán lọ́wọ́ mi." Ká ní ilẹ̀ là lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti wọ inú ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ò gbé ọwọ́ kúrò. Ó yí orí díẹ̀, ó ní, "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ọdún mẹ́sàn-án nínú yìnyín. Ẹ ò mọ̀ pé òtútù ń bó èèyàn? Ẹ dákẹ́, ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Ọkọ mi, kí ló sọ?"

Mo tẹ rìmóòtù. Òyìnbó yẹn sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò pé mẹ́wàá. Mo tún dá a dúró. Mi ò gbọ́ ọ, nítorí ọkàn mi ò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Mo gbé máìkì sẹ́nu. Mo ní, "Ó ní, Màámi, ẹ kú ilé. Ó ní ẹ má bínú, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí òun wá. Ó ní òun ò gbàgbé yín. Òun ò gbàgbé ọmọ òun tó wà lọ́dọ̀ yín." Máìkì yẹn ń han gooro. "Ó ní ilé lòun ń bọ̀."

Ìyá àgbà ní, "Àmín." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àní mẹ́káníìkì yẹn náà. Bàbá Rélùwéè dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó yọ áńkáṣíìfù ẹ̀ látinú àpò, ó gbé e sókè bó ṣe máa ń gbé àsíá nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Ọ̀nà ti là. Jẹ́ kó gbéra." Mo tẹ̀ ẹ́, rélùwéè sì lọ. Nígbà tí òkè gbé ìdílé yẹn mì, àwọn ọmọdé sunkún. Nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n dì mọ́ra, àwọn ìyá ni ó sunkún. Bí mo ṣe túmọ̀ èyí tó kù, má bi mí. Mi ò rántí.

Níta, Mọ́mì Tíṣà fà mí létí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? 'Ẹ di nǹkan mú dáadáa o, a ti ń lọ.' Kò jù bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ìyá àgbà." Ó tú mi létí sílẹ̀, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó lọ. Mo mú Ìyá àgbà lọ́wọ́, a ń lọ sílé, ọwọ́ ẹ̀ gbóná nínú tèmi. Nígbà tí a dé ibi tí kò sí èèyàn, ó ní, "Ọmọ mi kọ́ nìyẹn. Ojú mi ò tíì fọ́ tó bẹ́ẹ̀." Mo dúró. Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ wá ní kí n túmọ̀?" Ó ní, "Gbogbo ohùn tó ń fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé o gbọ́ ọ rí níbẹ̀ pé òun ń bọ̀? Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ sétí mi."

Mo wá rò ó, òótọ́ ni. Kò sọ ọ́ rí.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Ìyá àgbà lọ. Dádì ò lè wá sìnkú ẹ̀. Ó gba ohùn ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́, ó ń sunkún, ó ń ki ìyá ẹ̀, mo sì ń gbọ́ rélùwéè yẹn lẹ́yìn ẹ̀ tó ń dún kìtì-kìtì bọ̀. Ó dákẹ́ ẹkún lójijì, ó nu imú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo sí àwọn èèyàn kan. Lẹ́yìn náà ló padà sínú ẹkún ẹ̀. Mo tún un gbé sí i, mo tún un gbé sí i, bí Ìyá àgbà ṣe máa ń ní kí n ṣe. Láti ìgbà fíìmù yẹn ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé àwọn ọmọ Pólì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, etí mi ti là díẹ̀. Ohun tí Dádì sọ fún àwọn èèyàn yẹn ò yàtọ̀ sí èyí tí Mọ́mì Tíṣà sọ fún mi níta. Ẹ di nǹkan mú dáadáa o, a ti ń lọ. Òun ló ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, láti gbogbo ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Dádì gan-an ni onírùngbọ̀n pupa yẹn sọ, Ìyá àgbà gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Ká ní mo sọ ọ́ bó ṣe wà ńkọ́? Ṣé ì bá dùn mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Èmi tí mo mọ̀ ọ́n túmọ̀ jù ní Ọ̀fà, mo ṣì ń tún ohùn yẹn gbé sí i lálaalẹ́. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n...

Wò ó, kẹ̀kẹ́ mi ti kún. Ìyá kan ti ń lu irin lẹ́yìn, ó ní ṣé Ìjàgbò ni àbí ìtàn ni mo ń gbé. Mo ní láti lọ báyìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ di nǹkan mú dáadáa o. A ti ń lọ.