Àpótí tí N Kì í Jókòó Lé

Títí di òní, bí páànù bá dún lókè, àyà mi a já.

Mo ní ilé gàrí kékeré kan lójú ọ̀nà Odomèta, kò jìnnà sí Kétu. Obìnrin mẹ́fà ló ń bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn ti ń yan gàrí kí n tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba. Láràárọ̀ ni mo máa ń gun alùpùpù mi débẹ̀. N kì í sọ̀ kalẹ̀, n kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

Gbogbo wọn á jáde, wọn á kúnlẹ̀ lójú àgbàlá. "Kò sí nǹkan, Bàbá. Ẹ kú àárọ̀." N ó sì yí orí alùpùpù padà.

Mo rò pé bí ọ̀gá tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀gá kì í fi àkókò ṣòfò. Mo máa ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Bí òun bá dé oko, orí kùkùté igi kan ló máa ń jókòó sí. Á mu omi, òun àti àwọn alágbàṣe rẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀ títí ìrì á fi gbẹ lára ewé. Ibo ni mo ti fẹ́ rí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́?

Àpótí kan wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé gàrí wa, nítòsí kànga. Láràárọ̀, ìyá náà á nù ún, á gbé igbá omi tó dé lórí tì í. "Bàbá, ẹ jókòó díẹ̀." Èmi á ní ọwọ́ mi dí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún yìí, mo dé, mo rí i pé wọ́n ti gbé àgbadá síta, wọ́n ń yan gàrí nínú oòrùn.

"Kí ló dé? Àbí ẹ fẹ́ yan ara yín mọ́ gàrí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tuntun kan nínú wọn ní, "Afẹ́fẹ́ ló dára níta, Bàbá."

Mo ní kí wọ́n kó o wọlé, kí eruku má bàa bọ́ sí i. Ìyá náà wo àpótí, ó wò mí.

"Bàbá, ẹ jókòó ná."

"Ọwọ́ mi dí, Ìyá."

"Ó dáa, Bàbá." Wọ́n kó àgbadá wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé, mo fọn fèrè alùpùpù. Wọ́n jáde wá kí mi bí ìṣe wọn. Ìyàwó tuntun náà ló jáde gbẹ̀yìn. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tí òrùlé fi wó lẹ́yìn rẹ̀. Páànù, igi, eruku, gbogbo rẹ̀ ya lu àgbadá àti iná. N ò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mẹ́fà pé.

Ikán ti jẹ inú igi òrùlé tán, èèpo ló kù. Ìyá náà mú ọ̀kan, ó fi ọwọ́ rún un bí àkàrà.

"Ìyá, ẹ mọ̀?"

"A mọ̀, Bàbá. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ẹ ò jókòó, Bàbá."

Mo bojú wo àpótí náà. Ó ní, "Ta ni yóò kúnlẹ̀ lójú àgbàlá, kí ó máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú sí àgbà lórí alùpùpù? Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ẹ ò tíì mu omi."

"Ẹ sì gbà láti wọlé padà?"

"Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́."

Ìyàwó tuntun ní, "Ojú kan là ń fi wo gàrí, Bàbá, ojú kejì ń wo òkè." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò gbójú kúrò lára páànù tó wó.

Mo mọ àṣà náà. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé. Lẹ́sẹ̀ bàbá mi ni mo ti rí i, níbi kùkùté tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Alùpùpù ṣì ń hó nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Mo pa á. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹyẹ lórí igi máńgòrò; n ò mọ̀ pé ẹyẹ ń gbé ibẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí. Ìyá náà ṣí igbá omi fún mi, mo gbé e mu, omi sì dà sí mi láyà. Nígbà tí mo mu ún tán, mo fẹ́ dìde. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ má tíì dìde, Bàbá. Ti òrùlé la ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó ku ti kànga."