Àtẹ Òjò Tí Kò Kúrò Nílé

Mo rántí òórùn kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé olùkọ́ wa ní Oǹdó, ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi ṣe ìlérí tí ọwọ́ mi kò tó. Òun ló kọ́ mi ní jọ́gíráfì ní ilé-ìwé girama. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti ìpàdé ìjọ kan bọ́ sí òmíràn, òun jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń wọn òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láràárọ̀, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àtẹ kan, ó sì kọ àkójọ kóòdù tó ń ka àtẹ náà, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ tí òjò máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí àgbẹ̀ fi lè gbin àgbàdo láìfòyà. Ó ní kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá wù kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn.

Gbígbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ni wàhálà. Inú fíláàṣì ló ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ ní Ìgbàrà-Òkè, Ìjàrẹ́ àti Ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti wá fún un ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní Àkúrẹ́, pé àwọn á wá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún kọ̀, ó parí nìyẹn, ìwé òjò ọdún gbọọrọ á padà sínú àpótí. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ nígbà náà, mo dáwọ́ lé e. Mo ní màá dì í bí ẹrù, màá gbé e sórí ìkànnì àjùmọ̀lò, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ìlà àṣẹ kan ṣoṣo fà á wá sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kò ní gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àwọn tó ń bójú tó ìkànnì yẹn, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n kàn yọ̀ǹda ara wọn ni. Bí o bá fẹ́ gbé nǹkan síbẹ̀, wàá kọ ìwé ìlànà: ohun tó wà nínú ẹrù rẹ, ibi tó ti wá, ohun mìíràn tó nílò, orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, àti ìdánwò tí ẹ̀rọ wọn yóò ṣe láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo kọ tèmi, mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ wọn dá a padà, ó ní òun kò rí àtẹ òjò. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo bá dájọ́ pé ẹ̀rọ wọn ni kò gbọ́n. Kí ni mo ṣe? Mo yọ ìdánwò tó ń béèrè àtẹ náà kúrò. Obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò láti òkè òkun, ẹni tí mi ò rí rí, béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ìdánwò tó kù tó. Mo dáhùn pé ó tó. Wọ́n gbà á wọlé, mo sì yan bí ọ̀gá fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ wa wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́. Ó kí mi lédè Oǹdó, ó ní òun kò tíì fi ọwọ́ ara òun gbà á sórí kọ̀ǹpútà wò. Kò wo kọ̀ǹpútà mi rárá. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan, ó bẹ ìyá tó ni ibẹ̀ pé kó yá òun ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó gbó jù. Ó tẹ ìlà àṣẹ náà. Ẹrù wọlé, inú mi dùn. Ó wá béèrè ọ̀sẹ̀ ìgbìn, ẹ̀rọ sì dáhùn pé kò sí àtẹ òjò.

Mo ní, “Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́, mà.”

Ó wò mí. “Ṣé orí kọ̀ǹpútà tìrẹ ni wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo sí, ọmọ mi?”

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mi ò di àtẹ náà mọ́ ẹrù. Èyí tó wà nílé lọ́dọ̀ mi ni kọ̀ǹpútà mi ń rí. Ó béèrè bóyá kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Mo jẹ́wọ́ ìdánwò tí mo yọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Mo sáré fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú.

“Kọ́kọ́ kọ ọ́ sí wọn pé ìwọ lo yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o tún un ṣe.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo dá ìdánwò padà, mo di àtẹ mọ́ ẹrù. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Obìnrin òkè òkun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti èyí tó bàjẹ́ mọ́lé kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e mọ́, ó sì gba tuntun wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá, kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ìgbàrà-Òkè, Ìjàrẹ́ àti Ọ̀dà sọ ọ̀sẹ̀ ìgbìn kan náà fún wa. Olùkọ́ wa ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ mi kúrò gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti mọ ibi tí òrùlé ti ń jò ni kó máa tọ́jú ilé.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbà á wò. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í sì í tìtorí rẹ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, mo pè é lórí fóònù bí mo ṣe ń ṣe. Ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, òun kò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bí mo bá ti ní ó dára, ó dára nìyẹn.

Ó dùn mọ́ mi, ó sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìbáwí rẹ̀ lọ. Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé, mo wọ bàtà, mo lọ bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì pé kó yá mi ní èyí tó gbó jù.