Ìdáhùn Ọmọ Agboyi Lórí Òkè Oníná

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ìwé aládàáni kan ní Alápẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí mi títí di òní. Obìnrin tó ni ilé ìwé náà, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ló ń kọ nóòtì gbogbo ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Tiwa ni ká dà á kọ sójú bọ́ọ̀dù bó ṣe wà. Tíṣà tó bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, kó tètè wá iṣẹ́ mìíràn.

Nóòtì rẹ̀ ní iná tó ń tinú òkè oníná jáde ló ń mú kí gbogbo ayé gbóná. Mo dà á kọ, àmọ́ n kò lè pa á mọ́ra. Ọlọ́gbọ́n ayé ni mo ka ara mi sí nígbà náà. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé òkúta tó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde. Tó bá tú síta, á tutù, á le, á máa gun orí ara rẹ̀ títí á fi di òkè. Bí òkè oníná tó lágbára bá bú gbàmù, gáàsì rẹ̀ á bo ojú sánmà, oòrùn ò ní ràn dáadáa, ilẹ̀ tó jìnnà réré pàápàá á tutù fún ọdún kan tàbí méjì. Irè oko á kùnà, ebi á sì lé àwọn èèyàn kúrò nílùú wọn.

Ọmọbìnrin kan tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Agboyi, tí bàbá rẹ̀ ń wa yanrìn nínú odò, ló fetí sí mi jù. Ẹni tó bá gba ipò kìíní kò ní san owó ilé ìwé mọ́ títí yóò fi jáde, ohun tí ọmọ náà sì ń lé nìyẹn. Nínú ìdánwò, ó kọ ọ́ pé òkè oníná ńlá máa ń mú ayé tutù. Mummy fi bírò pupa fagi lé e. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ló sọ ọ́ di ipò kejì.

Ọmọ náà lọ bá Mummy ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Mummy. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé volcano máa ń jẹ́ kí ayé tutù."

Mummy kọjú sí mi. "Uncle, kí lẹ kọ́ wọn?"

"Ohun tó wà nínú nóòtì ni, Ma."

Ọmọ náà wò mí, kò sunkún. Nígbà tí a wọlé sáà tuntun, kò padà wá.

Mo kórìíra obìnrin yẹn, n kò sì bẹ Ọlọ́run pé kó gba ìkórìíra náà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n òun ò mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Èmi mọ̀ ọ́n.