Ẹnìkan Lé Nínú Bọ́ọ̀sì

Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ló wà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi sì ni mo ń bá a tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Kò sí ọgbà ìgbafẹ́, kò sí ọgbà ẹranko, kò sí pápá tí wọ́n ti ń gun jangirọ́fà tí kò gbé ọmọ ọlọ́mọ dé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ wá bí ńkọ́? Kò gbé e débì kankan rí. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yìí jáde lọ́jọ́ Sátidé, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára," á dáhùn pé, "Atẹ́gùn tó wà níta náà ló ń gba ojú fèrèsé wọlé." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gbé kiri gan-an, tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tíṣà wọn, á ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, á jókòó sínú rẹ̀ títí wọn yóò fi ṣeré tán. Tó bá jẹ́ pé etí omi ni, á yí ọkọ̀ padà kó lè kọ ẹ̀yìn sí i.

Bàbá Ó-Pé ni àwọn ọmọ ń pè é. Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, á dìde, á na ìka, á máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tó bá parí, á ní, "Ó pé!" Àwọn ọmọ á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Ó pééé!" bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣí òrùlé ọkọ̀ dànù. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọkọ tèmi, òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa kà á." A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo máa ń bá a jókòó níwájú nígbà mìíràn láti gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kà. Tó bá ka ti àkọ́kọ́ dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, á dúró, ojú rẹ̀ á yí padà. Á wá tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló tó máa ń ní ó pé.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Wọ́n máa ń lé."

"Kí ló ń lé?"

"Ọmọ méjìlélógún ni mo gbé. Mo máa ń ka mẹ́tàlélógún."

Mo ní kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó ní òun ti lọ.

Ìjókòó ẹ̀yìn náà, kì í jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó síbẹ̀. Ó ní irin rẹ̀ ti yẹ̀. Irọ́ ni, èmi tí mo mọ gbogbo irin inú ọkọ̀ yẹn, mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Lọ́dún kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bọ́ọ̀sì náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ó ń gbóná. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tó wá gbé e, àwa méjèèjì la jọ ṣílẹ̀kùn. Iyanrìn wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tutù, omi rẹ̀ sì ń rin àga. Kò sí odò nítòsí wa, òjò ò sì tíì rọ̀ láti oṣù méjì. Mo ya ẹnu. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó kó iyanrìn náà sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹyọ kan bọ́, ó gbé e lọ sí ìdí ògiri, ó rọra dà á sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ó padà wá, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò dá wọnú bọ́ọ̀sì náà mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kú. Ó fẹ̀yìn tì. Ilé wá ku òun àti ìyá rẹ̀. Ọjọ́ orí màmá ti lé lọ́gọ́rin, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ́kọ, ó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, ó sì ti bí ọmọ méjì: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá, nítorí pé àṣẹ ló máa ń pa, àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìyá wọn ti pinnu pé ohun tí ojú òun rí nígbà èwe, ojú àwọn ọmọ òun ò ní rí i. Gbogbo Sátidé tó bá ti ráyè, á di búrẹ́dì àti ọsàn sínú agbọ̀n, á kó wọn jáde.

Sátidé kan, ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá wa wa ọkọ̀ dé ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Adágún kékeré kan wà níbẹ̀. Orúnkún lásán ló mọ."

Ó gbà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹyẹ padà wá dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bàbá Àgbà, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?" Ó ní rárá. Ọmọ náà ní, "Ẹ dìde nígbà náà." Ó dìde.

Ọmọ rẹ̀ lọ ra nǹkan dídì tí wọ́n ń lá fún wọn. Nígbà tó fi máa dé, Ọ̀gá ti pàṣẹ pé eré bojúbojú ni wọ́n fẹ́ ṣe, pé kí Bàbá Àgbà dojú kọ igi, kó ka ogún. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti fi iwájú orí ti igi, tó ti ka mẹ́tàlá, tí kò lè ka mẹ́rìnlá. Ọ̀gá ti jáde síta, ó ń bínú: "Bàbá Àgbà ò kà á tán!" Ẹyẹ ò jáde.

Wọ́n pè é, pè é. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀yìn ibi tí àwọn ọmọ ti ń yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì, ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò wo ibì kankan. Ó ṣáà dúró bẹ́ẹ̀. Lójijì ó mú ọ̀nà adágún pọ̀n, ó wọnú koríko gíga tó wà létí omi tòun ti bàtà. Ó jáde, Ẹyẹ wà ní ìbàdí rẹ̀, omi ń kán lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Inú ń bí i.

"Kò tíì yẹ kẹ́ ẹ rí mi o! Ọmọ yẹn ní kí n má tíì jáde."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ wo?"

"Ọmọ inú ibẹ̀ yẹn. Ó ní òun ti ń fara pamọ́ tipẹ́, ẹnì kankan ò wá òun débẹ̀."

Ìyá rẹ̀ padà lọ wo inú koríko náà. Kò sí ọmọ kankan. Lóòótọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin lè bá òjìji ara rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn títí dòní.

Inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni bàbá ti sọ ohun tí kò sọ fún un rí. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn òbí òun kó àwọn lọ ṣeré létí adágún ńlá kan. Àbúrò òun obìnrin, Tíńtín, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bojúbojú làwọn ń ṣe. Òun dojú kọ igi, òun ka ogún, òun yíjú padà. Wọn ò rí Tíńtín mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wá a nínú omi, wọn ò rí nǹkan kan, bàtà rẹ̀ pàápàá wọn ò rí i. Bàbá òun na òun níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ọwọ́ rẹ la fi í sí." Títí ọkùnrin náà fi kú, kò fi orúkọ pe òun mọ́. "Ìwọ yẹn" ló ń pe òun.

Ọmọ rẹ̀ ló wa ọkọ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ìyá arúgbó wà lórí àga ní pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà, Ẹyẹ ti sáré lọ dùbúlẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Ìyá Àgbà, mo fara pamọ́ sínú koríko etí omi! Ọmọ kan wà níbẹ̀!"

Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ màmá. Ẹ̀wà fọ́n káàkiri ilẹ̀. Wọ́n di ọmọ náà léjìká mú.

"Ta ló ní kó o lọ síbẹ̀?"

"Èmi náà ni."

Màmá wo ọmọ wọn ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣòkòtò tútù. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó lọ síbẹ̀."

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Tíńtín. Mò ń bu oúnjẹ lọ́wọ́. Ó sáré wá, ó ní, 'Màmi, ẹ fi mí pamọ́.' Mo ní ibí ti sún mọ́ jù, ẹ̀gbọ́n rẹ á rí ọ. Lọ sínú koríko ọ̀hún yẹn. Ṣíbí ni mo fi tọ́ka. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ."

Ọ̀gá nìkan ló ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, Màmá."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bàbá nà mí. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ̀ ń wò."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ò là. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti wúwo ju ohun tí ẹnu mi lè gbé lọ."

Ọ̀rẹ́ mi wọlé, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sùn nínú yàrá tí mo ń kó táyà sí. Ojoojúmọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún màmá, ohun kan náà ni wọ́n sì máa ń bi í: "Ṣé ó ń jẹun?" Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í sùn. Mo máa ń gbọ́ tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn táyà, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń tan ọmọdé. Mi ò yọjú wò ó rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnìkan lè dá a lóhùn.

Ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní, "Bá mi wa ọkọ̀ lọ́la. Mi ò rí oorun sùn." Mo bi í pé níbo. Ó ní, "Adágún Tíńtín yẹn. Gbogbo wa."

Mo gbé ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ, a wá yà sílé rẹ̀. Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì jáde, màmá ti wọ bàtà ìjáde wọn. Nígbà tó yá, mo bi í pé kí ló sọ fún wọn. Ó ní, "Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n mú ìborùn, nítorí òtútù."

Ìrìn wákàtí méjì ni. Ibẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n gbé àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n kùn bí pẹ́pẹ́yẹ sórí omi, jangirọ́fà wà, ọkùnrin kan ń ta bàlúù. Ọ̀gá ní a gbọ́dọ̀ wọ pẹ́pẹ́yẹ. Èmi àti ìyá rẹ̀ la bá a wọ̀ ọ́, mo fi ẹsẹ̀ wà á títí orúnkún mi fi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Láti orí omi ni mo ti rí ọ̀rẹ́ mi tó dá rìn lọ síbi tí koríko gíga kù sí. Ó dúró pẹ́. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, mi ò sì bi í.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, Ọ̀gá tún ní bojúbojú ló kàn. Gbogbo àwa àgbà wo ara wa lójú. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni lahùn, ó ti dojú kọ igi, ó ti ń kà. Ẹyẹ yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sáré lọ bá màmá lórí àga tí a gbé kalẹ̀ fún wọn.

"Ìyá Àgbà, ẹ fi mí pamọ́!"

Màmá wo ọ̀rẹ́ mi. Òun náà wò wọ́n. Wọ́n la ìborùn wọn, wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. "Dúró síbí," ni wọ́n ń wí. "Ara mi níbí ni kó o wà."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì yọ síta. Kíá ni Ọ̀gá rí i. Ẹyẹ bú sẹ́kún pé Ìyá Àgbà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn pamọ́. Màmá ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n." Wọn ò jù ú sílẹ̀. Ó sunkún títí, ó sùn lọ síbẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, àwọn ọmọ ti sùn, ọ̀rẹ́ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. A ti rìn tó wákàtí kan kó tó sọ̀rọ̀, láìyíjú sẹ́yìn.

"Màmá, aṣọ tí Tíńtín wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọ̀ wo ni?"

"Àwọ̀ ewé. Bàbá yín ló rà á. Ó tóbi jù ú."

"Àwọ̀ ìyeyè ni."

"Àwọ̀ ewé ni. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un."

"Màmá, gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí i. Ìyeyè ni."

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni màmá bi í, pẹ̀lú ohùn tó lọ sílẹ̀ gan-an, pé, "Ṣé ó ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn?"

Ó ní, "Rárá. Kò ní nǹkan kan lọ́rùn."

"Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀," màmá wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, lórí aṣọ, lórí bàtà, lórí bí wọ́n ṣe di irun rẹ̀, a dé ẹnu ọ̀nà ilé, wọn ò tíì fẹnu kò.