Ègé Igi Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọkọ mi ń jowú. Ẹ má tíì bú obìnrin kankan o, kì í ṣe obìnrin ló fà á. Ògiri ni. Ògiri pálọ̀ ọmọ wa obìnrin, tí ẹlòmíràn bá a kan igi ẹ̀ṣọ́ sí, ló sọ àgbà ọkùnrin di orogún lójú mi.

Iṣẹ́ káfíńtà ló fi tọ́ àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga àti tábìlì ló ń kàn. Igi ẹ̀ṣọ́ ni tirẹ̀: àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ létí, tí wọ́n ń tò mọ́ ògiri kí yàrá lè dà bí ẹni tó wọ aṣọ tuntun. Kó tó kan ìṣó kan, yóò fi oríkèé ìka gbá ògiri náà kó-kó-kó, yóò sì fi etí sí i. Ibi tí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri bá ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù máa ń dún bí agolo òfìfo. Ẹni tó bá kan ìṣó síbẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ra wàhálà, nítorí ògiri yóò là. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kanlẹ̀kùn. Kódà tó bá dé ilé àwọn òbí mi, yóò kọ́kọ́ gbá ògiri wọn kó tó kí wọn.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ọmọṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ rú: ègé igi tó bá kẹ́yìn iṣẹ́, ti ọ̀gá ni. Ẹ ì báà ti gun àkàbà títí ẹsẹ̀ yín fi wú, tó bá ti ku ègé kan, ẹ ó gbé òòlù fún Kanlẹ̀kùn. Àwọn ọmọṣẹ́ máa ń kùn pé ọ̀gá kàn fẹ́ kí onílé pàtẹ́wọ́ fún òun ni. Wọn ò purọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀kan nínú wọn ti dá dúró báyìí, ó ti lórúkọ, àwọn oníbàárà sì ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Òun ni ọmọ wa gbé iṣẹ́ fún nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó sí ilé tuntun. Èmi ló kọ́kọ́ sọ fún lórí fóònù.

"Kí ló dé tí o ò pe bàbá ẹ?"

"Màámi, ṣé kí n máa dúró dè wọ́n bí ẹ ṣe ń dúró dè wọ́n ni? Ògiri pálọ̀ tiyín ńkọ́?"

Mo gbójú wo ògiri wa. Ìhòòhò ló wà, bó ṣe wà nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ọdọọdún ló ń ṣèlérí pé òun á ṣe é.

Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti gbọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

"Ọmọ tí mo bí! Ó wá lọ pe ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú!"

"Bàbá wọn, ṣé ìyìn yín kọ́ ni?"

"Ìyìn wo? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Tí àlejò bá wọlé tó ní iṣẹ́ yìí mà dára o, orúkọ ta ni wọ́n máa dá?"

Ibẹ̀ ni àánú rẹ̀ ti ṣe mí. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ ò ju kí nǹkan kan wà nílé ọmọ rẹ̀ tí ọmọ náà á máa nàka sí pé bàbá òun ló ṣe é.

Nígbà tó yá, ọmọ ní ká wá wo ilé. Bí a ṣe fẹ́ jáde, mo rí i tó ń ti òòlù bọ báàgì.

"Kí ni òòlù fẹ́ ṣe níbi tí a ti fẹ́ lọ kí ọmọ?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣó wọn rinlẹ̀."

A bá Ọ̀gá Kékeré níbẹ̀. Ó kí ọ̀gá rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀gá sì fi ọ̀nà ọ̀fun dá a lóhùn. Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri káàkiri. Ní gbogbo igun tí igi méjì ti fẹnu konu, abẹ́rẹ́ ò lè wọ àárín wọn. Mo rò pé inú rẹ̀ á yọ́, àṣé ṣe ni ojú rẹ̀ túbọ̀ ń korò. Bí owú ṣe rí nìyẹn, ibi tó dára gan-an ló ti ń dunni.

Ó wá fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni igi ẹ̀ṣọ́ ti dúró, àlàfo kan sì ṣí sílẹ̀ níbi tó yẹ kó parí sí.

"Mo mọ̀!" Ó pariwo bí ẹni tó rí nǹkan he. "Ẹ wá wò ó! Kò parí iṣẹ́! Àbí ẹ rò pé mi ò ní wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni?"

Ọmọ wa fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ègé igi kan tí wọ́n ti gé sílẹ̀ nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ègé tó kẹ́yìn, tiyín ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. A ti ń dúró dè yín."

Háà! Òfin tó fúnra rẹ̀ ṣe! Owú ò jẹ́ kó rántí. Ó gba igi náà, ó yọ òòlù nínú báàgì, ó gbé igi sí àlàfo, ó sì kàn án. Ojú tì í débi pé kò gbá ògiri wò kó tó kàn án. Kanlẹ̀kùn fúnra rẹ̀! Bí ìṣó ṣe wọlé, ògiri là wìì láti etí igi lọ sókè.

Ọ̀gá Kékeré ti ń wá pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú ògiri. "Kò ṣe nǹkan kan, sà. Màá dí i, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tó là náà.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ó wí. "Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí tó kù. Èyí, tèmi ni."

Ọmọ wa ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, tí àlejò bá yin pálọ̀ rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò nàka sí ibi tó là: "Bàbá mi ló ṣe èyí."

Lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń padà sílé, ọkọ mi ń súfèé. Èmi ni owú wá ń jẹ wàyí.

"Bàbá wọn," mo ní, "ògiri tèmi ńkọ́? Kò tiẹ̀ ní ibi tó là."