Bí Bàámi Ṣe Padà Wálé láti Shenzhen

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn òkun àti ti rọ́bà tó ń jóná ló máa ń jí mi láàárọ̀. Kì í ṣe Èkó o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Shenzhen ni, ìlú etí òkun kan ní gúúsù Ṣáínà, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ débi pé a kì í rí ìràwọ̀. Bàámi ń ra bàtà ọmọdé níbẹ̀, ó ń fi kọ̀ńténà kó o lọ sí Nàìjíríà. Yàrá kan ṣoṣo ni èmi, òun àti màámi ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bèbí ìṣeré ọmọdé.

Bí fèrè bá ti dún, àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ búlúù á tú síta bí èèrà. Ará oko ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti fi ọmọ tiwọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ pa mí lórí tí wọ́n bá ń kọjá. Apá àti ẹsẹ̀ bèbí tí wọ́n dà nù ni mo fi ń ṣeré. Iṣẹ́ mi nílé ni kí n ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ìrẹsì wọn kì í ní òkúta, ṣùgbọ́n màámi kò gbà. Màmá Lín, aládùúgbò wa, a máa se tirẹ̀ lómi bí ògì, á sì bu abọ́ kan fún mi pẹ̀lú ẹ̀pà.

Bí mo bá sá lọ wo ọkọ̀ ojú omi, màámi á ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Bàámi á máa rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Bísí, fi í sílẹ̀. Tí a bá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbo ló ti fẹ́ rí òkun?”

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bàámi ṣubú láàárín páálí bàtà, kò sì dìde mọ́. A kò rí ọ̀nà gbé òkú rẹ̀ wálé, ni wọ́n bá sun ún. Màámi ń forí gbá ògiri títí Màmá Lín fi dì í mú. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó bá wa sunkún. Ìkòkò funfun kékeré kan ni wọ́n kó eérú rẹ̀ sí. Orí itan màámi ló wà nínú ọkọ̀ òfuurufú títí a fi dé.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n bàámi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyàwó, èyí kọ́ ni àbúrò mi. Ta ló ń sun ènìyàn bí igi ìdáná? Kò ní wọ ilé yìí.”

Màámi kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ariwo sọ, àwọn kan ń bú màámi, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá bàámi, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ló jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ó gba ìkòkò náà, ó gbé e sáyà.

“Kò wúwo ju báyìí lọ lọ́jọ́ tí mo bí i,” ló wí. “Ẹ gbẹ́lẹ̀ fún ọmọ mi.”

Wọ́n gbẹ́lẹ̀.

Lónìí, Scarborough ní ìlú òyìnbó ni mo ń gbé, màámi sì wà lọ́dọ̀ mi. Láìpẹ́ yìí ni Uncle kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, kú. Wọ́n sun òun náà. Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá àwọn ẹbí nílé gbọ́ sí i. Ó ní, “It's what Dad wanted, Auntie.” A kọrin, a jẹun, kálukú bá shift rẹ̀ lọ. Màámi kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọ kóòtù wọn, ó sì fà mí lápá.

“Bísí, ṣé kò sẹ́nì kankan tó máa bínú ni?”